Ìka Mẹ́wàá

Rélùwéè ló gbé piyánò náà dé Ọ̀fà,
nínú wágúnù tí wọ́n fi ń kó ẹ̀pà.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, bíríkì ló gbé e dúró.
Bàbá mi, Oyèkúnlé akọ̀wé téṣàn,
rà á lọ́wọ́ òyìnbó tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́,
owó oṣù mẹ́rin.
Ìyá mi kò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi ná ọjà márùn-ún.
"Ilé ń jò," ló wí nígbà tó yá, "o lọ ra àpótí."

Ó fi ìwé kọ́ ara rẹ̀, lálaalẹ́, nídìí àtùpà:
orin ará Jámánì kan tó bí ogún ọmọ.
Ohùn kan á sáré jáde,
èkejì á gbá tọ̀ ọ́, á wí ohun tí àkọ́kọ́ wí,
ẹ̀kẹta á dé láti ìsàlẹ̀, bí ẹni tó pẹ́ kó tó jí.
"Ilé ọlọ́mọ púpọ̀ nìyẹn," ni Bàbá wí.
"Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó ń jà."
Àwa márààrún tó bí wo ara wa.
À ń jà.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ka Bíbélì, kò fo ẹsẹ kan.
Ó dé Málákì, ó pa ìwé dé.
"Ibí yìí tó mi."
Ọ̀fà mọ mọ́ṣáláṣí, Ọ̀fà mọ ṣọ́ọ̀ṣì.
Júù kẹ̀? Júù ti ibo?
Bàbá rẹ́rìn-ín: "Ta ló bá áńgẹ́lì wọ̀yá ìjà mọ́jú,
tó fi di ẹni tó ń tiro,
tí kò sì tú u sílẹ̀ àfi ìgbà tó súre fún un?
Ìjàkadì lorò Ọ̀fà.
Ọmọ ilé wa ni Jákọ́bù."

Nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, bí oòrùn bá ti ń rọ̀,
ìyá mi á di ìyẹ̀fun pípò bí ẹni ń dirun fún mi.
Ìyẹ̀fun kì í sunkún. Èmi ni mo máa ń sunkún.
Àbẹ́là méjì. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lójú.
Bàbá á wá pa ìdérí piyánò dé,
ó di ìgbà tí ìràwọ̀ mẹ́ta bá yọ lọ́la.
Mo rí ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó ń tẹ orúnkún.
Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀gún ni?"
Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ló ṣí ìwé orin hàn mí,
àmì kékeré kan, ó wọ́ bí ìwọ̀ ẹja.
"Ìdákẹ́ nìyí. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ni.
Ẹni tó bá fò ó ti ba orin jẹ́."

Ọyẹ́ èṣí ló kú, nígbà tí igi ń sán
tí ohùn piyánò ń lọ sílẹ̀.
Àdúrà kan wà tí wọ́n ń kà fún òkú,
kò dárúkọ ikú, ìyìn ni látòkè délẹ̀;
ọkùnrin mẹ́wàá ló gbọ́dọ̀ pé.
A wò: àwọn àbúrò mi méjì, ọkọ mi,
Ìtámárì ọmọ mi tí kò tíì pé mẹ́tàlá,
àti Búsàírì aládùúgbò, tó pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀,
tó gbé àga wá sẹ́nu ọ̀nà:
"Mo mọ̀ pé mi ò sí nínú kíkà.
Ẹ ṣáà jẹ́ kí n jókòó."
A kò pé. Àbẹ́là jó tán.

Lálẹ́ Sátidé, ìràwọ̀ kan, ìràwọ̀ kejì,
eruku ọyẹ́ bo ìkẹta, a dúró títí.
Ìtámárì tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń ka ìka.
"Màmá, mẹ́wàá ni."
N kò mọ̀ bóyá òfin gbà á.
Mo ṣí ìdérí.

Ohùn kan sáré jáde. Èkejì tọ̀ ọ́.
Ìró kan wà láàárín tí ikán ti jẹ òòlù rẹ̀,
ó ti yadi láti bí ọdún mẹ́fà,
Bàbá kì í fò ó.
Ọmọ mi súnmọ́ ibẹ̀, mo di àga mú.
Ó tẹ̀ ẹ́.
Igi kan igi.
Ó kọjá.